Wọ́n ní ọ̀gá ti lọ sí Kútọnu

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kóòtù ti fún wa láṣẹ láti máa fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé àwọn olùjẹ́jọ́ lọ́wọ́ fúnra wa, èmi ni wọ́n sì ń rán. Ọkùnrin kan jẹ oníbàárà wa lówó sìmẹ́ńtì. Mo ti dé ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, láàárín aago 10 sí 11 àárọ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti fọwọ́ sí ìwé ní ọ́fíìsì tán. Máígáàdì wọn ní ọ̀gá ti lọ sí Kútọnu láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ọyẹ́ ń jà, eruku ti gba gbogbo àdúgbò, iwájú géètì wọn nìkan ni mo máa ń dúró sí tí eruku ò ní dà mí láàmú, torí ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń tutù. Mo wo ojú máígáàdì yẹn dáadáa: kò ṣẹ́jú, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ tí èèyàn bá ń parọ́? Ṣé kí n kúkú lẹ ìwé náà mọ́ géètì kí n máa lọ?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì lẹ nǹkan kan mọ́ géètì ẹnikẹ́ni. Màá dé orí ìyẹn. Ti ojú wíwò yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun ló kó ọ̀pọ̀ nínú wa sí wàhálà nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ bélífù, ìyẹn òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń fi ìwé ẹjọ́ jíṣẹ́.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni láàárín ẹni méjì tó ti mọ ara wọn tipẹ́. Tí ìyàwó mi bá wò mí báyìí, ó ti mọ̀ pé mo ti jẹun níta. Àmọ́ ìwọ àti máígáàdì yẹn ò mọra rí. O ò mọ bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń rí nígbà tó bá ń sọ òótọ́, kí lo wá fẹ́ fi èyí tó ṣe lọ́jọ́ yẹn wé? Ọmọ mi obìnrin tó kọ́ ìmọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ní yunifásítì ló fi ìwádìí kan hàn mí, tí Charles Bond àti Bella DePaulo gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2006. Wọ́n kó àbájáde ọ̀pọ̀ ìwádìí tí àwọn míì ti ṣe jọ, àwọn tó gbìyànjú láti mọ òpùrọ́ yàtọ̀ sí olóòótọ́ nínú wọn lé ní 24,000. Nínú 100, 54 ni wọ́n gbà. Tí o bá ń ju kọ́bọ̀ sókè, tí o ń fi orí àti ìrù rẹ̀ dájọ́, wàá gba 50. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ irọ́ mímú, bí ọlọ́pàá, ò sì sàn ju àwa yòókù lọ. Nígbà tí mo kà á, mo rántí gbogbo ìgbà tí mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi pé "ojú rẹ̀ fi hàn pé ó ń parọ́," ìtìjú mú mi.

Ohun tó tún ba ojú wíwò jẹ́ nínú iṣẹ́ tiwa ni pé kò sẹ́ni tí ìwé kóòtù kì í bà lẹ́rù. Mo ti rí ìyá àgbà tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, torí pé mo béèrè ilé aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sì ti rí ẹni tó jẹ gbèsè tó pọ̀ ju ilé tó ń gbé lọ, tó jókòó tì mí, tó ń jẹ ẹ̀pà, tó ń bá mi jiyàn bọ́ọ̀lù. Ní ti máígáàdì, apá kan iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ pé ọ̀gá ò sí. Ó ti sọ ọ́ fún àwọn tó ń gba owó iná, ó ti sọ ọ́ fún àwọn ará abúlé ọ̀gá tó wá tọrọ owó ilé ìwé. Kí ló máa mú kó ṣẹ́jú?

Nítorí náà, fi ojú sílẹ̀. Ohun tí mo fi ń ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì ni àwọn nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́ ní irọ́. Èèyàn lè sọ fún ìyàwó, fún ọmọ, fún ọmọ ọ̀dọ̀, pé kí wọ́n sọ pé òun ò sí nílé. Kò sẹ́ni tó máa ń rántí sọ fún sálúbàtà. Bàtà ọkùnrin ńlá lẹ́nu ọ̀nà, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì ní ẹrẹ̀ tútù lára. Jẹnẹrétọ̀ tó ń dún ní ilé tí wọ́n ní ọmọ ọ̀dọ̀ nìkan ló kù síbẹ̀ (ta ló ń ra epo fún ọmọ ọ̀dọ̀ kó fi wo tẹlifísọ̀n lọ́sàn-án gangan?). Iwájú mọ́tò tó ṣì gbóná. Búrẹ́dì mẹ́ta tí wọ́n ń rà lójoojúmọ́ fún ilé èèyàn méjì. Ajá tó dákẹ́ lójijì lẹ́yìn ilé, torí pé ẹnì kan tó mọ̀ ló pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹni tó ń sá lè yí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà, àmọ́ ó ṣòro fún un láti yí àṣà rẹ̀ padà. Ẹni tó ń fi Jímọ̀ ṣeré kò wọ́pọ̀ nínú àwọn alàgbà tó ti lọ Mẹ́kà. Ọkùnrin tí bábà kan ṣoṣo ti ń gẹ irun rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá kì í tìtorí gbèsè pààrọ̀ bábà. Obìnrin kan tí mo wá fún oṣù méjì ní Ìbàdàn, ọjà ló ti pa tì, ilé ló ti kó kúrò, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ti yí padà, àmọ́ kò lè fi ẹgbẹ́ aṣọ ẹbí rẹ̀ sílẹ̀. Òun ni wọ́n ń kó owó aṣọ fún. Ìpàdé wọn lọ́jọ́ Sátidé ni mo ti bá a. Mo pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo fún un níwèé, mi ò jẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ ohun tó jẹ́. Ẹni tí o bá dójú tì lójú àwùjọ máa pariwo, yóò ya ìwé, ọ̀rọ̀ á di ìjà, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tìrẹ kò ju kí ìwé dé ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Orúkọ tún ń ṣòro ju bí àwọn lọ́yà ṣe rò lọ. Orúkọ tó wà lórí ìwé ìpẹ̀jọ́, adúgbò lè má gbọ́ ọ rí. Bàbá Ìbejì ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, tàbí Alájà, tàbí Ẹ̀ńjíníà. Wádìí ìyẹn kí o tó kan ilẹ̀kùn, lọ́wọ́ ẹni tó ń fẹ́ táyà lórígun, tàbí ìyá oníbúrẹ́dì. Tí ọkùnrin kan bá jókòó síwájú ilé tó ní òun kọ́ lò ń wá, kí i, dúpẹ́, yí padà, rìn díẹ̀, kí o wá ké "Bàbá Ìbejì!" Ọ̀pọ̀ èèyàn lè sẹ́ orúkọ ìwé wọn. Orúkọ tí ọmọ sọ wọ́n, ọrùn wọn á ti yí kí ọpọlọ tó sọ fún un pé má yí. Yíyí ọrùn nìkan kọ́ ni ẹ̀rí o. Ó kàn sọ fún ọ pé ẹni tó yẹ kí o bi léèrè dáadáa rè é.

Ibi tí mo ti wá jàǹfààní jù lọ ni inú èdè wa fúnra rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní àbúrò onílé lòun. Mo béèrè ibi tí ẹ̀gbọ́n wà. Ó ní, "Ó ti jáde láti àárọ̀." Ó? Ọmọ Yorùbá wo, tó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ bíi tèmi, ló máa sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún àlejò tí kò ní sọ pé "wọ́n ti jáde"? Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ kì í rántí bọ̀wọ̀ fún ara rẹ̀. Mo bi í ní ìbéèrè méjì sí i, ó pe "ẹ̀gbọ́n" yẹn ní "ó" lẹ́ẹ̀mejì mìíràn. Ọmọbìnrin kan wá gbé omi wọlé, ó kúnlẹ̀ kí i. Mo pe ọkùnrin náà lórúkọ tó wà lórí ìwé, mo na ìwé sí i, ó rẹ́rìn-ín, ó gbà á. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra níbí. Àwọn tí ẹ̀ka èdè wọn kì í fi "wọ́n" pe àgbà, bí àwọn ará Oǹdó, lè sọ "ó" nípa bàbá tó bí wọn lọ́mọ láìsí àrífín kankan níbẹ̀. Gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹlòmíì ná, kí o tó fi í dá a lẹ́jọ́.

Tí o bá dé ẹnu géètì, má béèrè pé "Ṣé ọ̀gá wà nílé?" Ìdáhùn ìyẹn ti wà lẹ́nu wọn kí o tó dé. Sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n dúró de wọn níbí, àbí kí n padà wá ní ìrọ̀lẹ́?" Tí ọ̀gá bá wà ní Kútọnu lóòótọ́, wọ́n á fi ẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí o ra àga dání. Tí ó bá wà nínú ilé, ìdúró rẹ gan-an ló máa ká wọn lára. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí wàá fi kúrò: "Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," "Ẹ kọ nọ́ńbà yín sílẹ̀," "Wọn ò fẹ́ ká dúró síbí o." Máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí o ṣe.

Má parọ́ fún wọn o. "Mo ní ìwé fún wọn" jẹ́ òótọ́, ó sì tó. Mo mọ àwọn tó ń wọ aṣọ òṣìṣẹ́ iná mànàmáná, tàbí tó ń sọ pé ẹrù ló dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́jọ́ tí olùjẹ́jọ́ bá sọ ọ́ níwájú adájọ́, ìwọ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í bi léèrè. Má sì fi ọmọdé ṣe ọ̀nà. Gbogbo wa la mọ àwàdà ọmọ tó ní "Dádì ní kí n sọ pé àwọn ò sí nílé." Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣẹlẹ̀ sí mi, n kò rẹ́rìn-ín, torí mo gbọ́ igbe ọmọ náà kí n tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

Jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti ṣubú. Gbogbo ọgbọ́n tí mo ti kà sílẹ̀ yìí, ẹni tó ń sẹ́ ni mo fi ń ṣọ́. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé ẹnì kan lè parọ́ "èmi ni." Mo dé ilé kan, ọkùnrin kan bọ́ síta, mo pe orúkọ, ó ní, "Èmi nìyẹn," ó gbà á, ó ká a pọ̀, ó sì buwọ́ lù ú. Inú mi dùn, mo ti parí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn kí oòrùn tó mú. Àṣé àbúrò ni. Ẹ̀gbọ́n wà ní yàrá. Nígbà tí ẹjọ́ ti dé ìdájọ́, lọ́yà wọn gbé ìwé ìrìnnà àbúrò wá pẹ̀lú ìbuwọ́lù rẹ̀, wọ́n fagi lé ohun gbogbo, olùpẹ̀jọ́ tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Nígbà tí mo rò ó padà, ohun tí mi ò rí ni pé ọkùnrin yẹn ò wo inú ìwé. Ẹni tí ìwé kóòtù tọ́ sí gan-an, orúkọ ẹni tó pè é lẹ́jọ́ ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń wá. Ó lè máa bú ọ, ó lè máa ya ara rẹ̀ láṣọ, ojú rẹ̀ á ti lọ síbẹ̀. Ẹni tó gba ìwé bí ẹni gba ìwé ìpolówó, bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀, béèrè káàdì rẹ̀.

Ó yá, ti òfin. Tètè mọ̀ pé irọ́ "ó ti lọ sí ibòmíì" wúwo ju irọ́ "kò sí nílé" lọ. Tí ọkùnrin yìí bá wà ní Kútọnu lóòótọ́, àfi kí adájọ́ fàṣẹ sí i kí ìwé náà tó lè tẹ̀ lé e débẹ̀. Èyí tí wọ́n sì fẹ́ràn jù ní Èkó ni Ọ̀tà. Ọ̀tà ò jìnnà, àmọ́ Ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Apá 97 nínú òfin Ṣẹ́ríìfù (Sheriffs and Civil Process Act), tó ń darí bí a ṣe ń fi ìwé kóòtù jíṣẹ́, sọ pé ìwé ìpẹ̀jọ́ tí a máa fún èèyàn ní ìpínlẹ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ kan lára tó sọ bẹ́ẹ̀. Apá 99 sì ní kí olùjẹ́jọ́ ní ó kéré tán ọjọ́ 30 láti fèsì. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fi ọwọ́ líle mú un lọ́dún 2008 nínú ẹjọ́ ọkọ̀ ojú omi M.V. Arabella. Tí wọ́n bá tàn ọ́ dé Ọ̀tà, tí o fi ìwé Èkó lásán lé e lọ́wọ́ níbẹ̀, òun lo ṣe lóore.

Ìlànà ilé-ẹjọ́ gíga Èkó ní láàárín aago 6 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni ká fi ìwé jíṣẹ́, kì í sì í ṣe ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ ìsinmi ìjọba, àfi tí adájọ́ bá gbà á láyè nítorí ìdí pàtàkì. Àwọn tó ń sá mọ èyí ju ìwọ lọ. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ ìtúsílẹ̀ wọn: wọ́n á wọ agbádá, wọ́n á dúró síwájú ilé, wọ́n á máa kí gbogbo ayé. Má fi ìwé lọ lọ́jọ́ yẹn. Lọ wò ó, kí o mọ irú mọ́tò tó ń gùn àti bó ṣe rí lójú, kí o lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Tí ó bá ti hàn pé òun ni, tí ó sì kọ̀ láti gbà á tàbí tó ń halẹ̀ mọ́ ọ, ìlànà gbà ọ́ láyè kí o fi sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, kóòtù á kà á sí pé ó ti gbà á. Kò pọndandan kó buwọ́ lù ú. Má ju ìwé lù ú, má dúró níwájú mọ́tò rẹ̀, má bá a jà. Láyé àtijọ́, ìlàrí Aláàfin máa ń fá ìdajì orí, kò sẹ́ni tó lè ní òun ò mọ ẹni tó rán an wá. Orí tiwa kò fá, káàdì ni a ń fi hàn, àwọn míì ò sì ka káàdì sí. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a máa jẹ́ ẹ fún, àmọ́ tí o bá rí i pé ó fẹ́ tú ajá, ìlànà ò ní kí o gba eyín ajá.

Lílẹ̀ mọ́ géètì: láìsí àṣẹ adájọ́, pépà lásán lo lẹ̀ mọ́ irin. Lọ́yà yín ló máa lọ sọ fún kóòtù pé ẹ ti gbìyànjú, kò ṣeé ṣe, kí adájọ́ tó ní kí ẹ lẹ̀ ẹ́, tàbí kí ẹ gbé e sínú ìwé ìròyìn, tàbí kí ẹ fi í ránṣẹ́ lórí íméèlì. Wàá sì búra sí ìgbìyànjú yẹn. Bí ìgbìyànjú rẹ ṣe rí báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin, aago kan náà, ibì kan náà, adájọ́ tó bá mọ iṣẹ́ máa bi ọ́ pé ṣé aago 10 àárọ̀ ni gbogbo oníṣòwò sìmẹ́ńtì máa ń wà nílé ni? Nínú ìwé ìbúra, má kọ "mo mọ̀ pé ó wà nílé." Kọ ọjọ́, aago, ohun tí o rí, àti ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu wọn jáde bó ṣe jáde. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọ̀gá rẹ, ní kí o búra sí ibi tí o kò dé. Ní New York, ìwà yẹn wọ́pọ̀ débi pé ó ní orúkọ, "sewer service": wọ́n ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ inú kòtò ìdọ̀tí ni wọ́n ti "fún" olùjẹ́jọ́. Ìlú náà wá ṣòfin pé kí ẹni tó ń pín ìwé kóòtù máa gbé ẹ̀rọ tó ń fi ibi tó wà hàn. Níbí, ìbúra rẹ nìkan la ní.

Àkókò ṣì wà fún ọ, oṣù 6 ni ẹ̀mí ìwé ìpẹ̀jọ́ ní Èkó. Nítorí náà, jẹ́ ká padà síwájú géètì yẹn.

O ní ọyẹ́ ń jà, eruku gba gbogbo àdúgbò, ilẹ̀ iwájú géètì wọn sì tutù lẹ́ẹ̀mẹrin tí o dé. Ìwọ lo sọ ọ́, o kàn fi í ṣe ibi ìsinmi. Omi kì í pẹ́ nílẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ilẹ̀ tó ṣì tutù ní aago 10, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bí aago 8 tàbí 9 ni wọ́n da omi síbẹ̀, iṣẹ́ tí máígáàdì sì ń fi omi ṣe níwájú géètì láàárọ̀ kò ju mọ́tò fífọ̀ lọ. O ò rí mọ́tò nítorí pé ó ti jáde. Máígáàdì ò parọ́ fún ọ pé ọ̀gá ò sí nílé. Kútọnu nìkan ni irọ́ ibẹ̀. Ó lè jẹ́ mọ́tò ìyàwó o, tàbí ti ayálégbé. Ìdí nìyẹn tí wàá fi lọ wò ó.

Sọ fún ọ́fíìsì pé o máa buwọ́ lu ìwé tìrẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Dé ibẹ̀ ní aago 6 kọjá díẹ̀, dúró sí ọ̀dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì, ra búrẹ́dì. Nígbà tí géètì bá ṣí, má wo ẹni tó wà nínú mọ́tò. Máígáàdì ni kí o wò. Bó ṣe tẹrí ba, bó ṣe kí i, orúkọ tó fi pè é. Jẹ́ kó kí i tán, kí o tó sọdá títì.